Bàbá Tí Kò Lè Jókòó ní Ẹ̀ka Mi

Kí n tó débi iṣẹ́ yìí, mo ti ṣe ọ́ṣà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa fún ìgbà pípẹ́, mo sì rò pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ kọ́ mi nípa bí a ṣe ń fi èèyàn sí ìjókòó. Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ tí mo wọ jákẹ́ẹ̀tì àwọn ọ́ṣà ní pápá bọ́ọ̀lù ńlá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ sí Prince George's County ní Amẹ́ríkà ni ojú mi là. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí o bá ti na ọwọ́ sí àga, èèyàn á jókòó, á sì rẹ́rìn-ín sí ọ. Níbí, mo na ọwọ́ fún ọkùnrin kan tó kun ojú ní ọ̀dà, ó kàn bọ̀ mí lọ́wọ́, ó sì kọjá lọ síbi tó wù ú.

Láàárín ọ̀sẹ̀, ọ́fíìsì kan ní Forestville ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Tó bá di ọjọ́ Àìkú tí bọ́ọ̀lù bá wà, mo máa ń lọ sí ìsìn òwúrọ̀, kí n tó gba pápá lọ. Ọkọ mi kò yéé fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ìyá Dúpẹ́, church méjì lo wá ń lọ báyìí. Èyí tí wọ́n ti ń sunkún jù lo máa ń lọ lọ́sàn-án yẹn o."

Kò parọ́. Bọ́ọ̀lù tiwọn kì í ṣe èyí tí a ń fẹsẹ̀ gbá nílé. Ó rí gbọọrọ bí ìbẹ́pẹ, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń jù ú. Ẹni tó ń jù ú ni wọ́n ń pè ní kọ́tábàkì. Òun ni gbogbo ojú ń wò, bó bá sì jù ú sọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ń bá ṣeré, orí rẹ̀ ni èébú ń rọ̀ sí. Kóòṣì tó ń kọ́ wọn ló máa ń bá a pín in. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ẹgbẹ́ wa kò rí ẹni nà rárá. Ọ̀dọ́ ni kọ́tábàkì náà, bí àwọn géńdé bá ti ń sáré bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, ìbẹ̀rù á mú un, á kàn ju bọ́ọ̀lù síbi tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti ṣí sí.

Nínú gbogbo àwọn tó wà ní ẹ̀ka tí wọ́n fi mí sí, Ọ̀gbẹ́ni Coleman ni ọ̀rọ̀ yìí ń dùn jù. Àgbàlagbà ará Amẹ́ríkà dúdú ni, ó ń gbé ní Mitchellville, iṣẹ́ bọ́ọ̀sì wíwà ló ti fẹ̀yìn tì. Láti ìgbà tí ẹgbẹ́ náà ti ń ṣeré nínú ìlú Washington ló ti ní ìjókòó méjì, ti òun àti ti ìyàwó rẹ̀. Sáà bọ́ọ̀lù kò tí ì dé ìdajì tí ìyàwó fi dáwọ́ wíwá dúró. Mo béèrè ìyá lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó ní òun kò lè máa jókòó ti ẹni tí kì í jókòó," ló dá mi lóhùn, ó sì ń wo ìjókòó tó ṣófo náà.

Òótọ́ sì ni ìyá sọ. Bí kọ́tábàkì bá ti ṣe àṣìṣe, Ọ̀gbẹ́ni Coleman á gun orí àga, á máa pariwo mọ́ kóòṣì, á máa kọ́ ọ níṣẹ́ rẹ̀ láti òkè lọ́hùn-ún. Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò ní rí pápá mọ́. Lọ́jọ́ kan, kọfí gbígbóná tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ dà sí ẹ̀yìn ọkùnrin tó jókòó níwájú rẹ̀, díẹ̀ ló kù kí wọ́n jà. Nígbà tí bọ́ọ̀lù tún kàn, Dwayne tó jẹ́ ọ̀gá àwọn ọ́ṣà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Tó bá tún gun àga lónìí, àwọn ẹ̀ṣọ́ máa mú un jáde. Wọ́n á sì gba ìjókòó méjèèjì lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá."

"Ṣé a ò lè bá a sọ̀rọ̀?"

"A ti bá a sọ̀rọ̀ tí ẹnu ń ro wá."

Àánú bàbá yìí ṣe mí. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá gba ìjókòó yẹn, kò ní sí ibi tí ìyàwó rẹ̀ á padà wá jókòó sí mọ́.

Eré ti kọjá ìdajì nígbà tí kọ́tábàkì wa gbé bọ́ọ̀lù lé ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ń bá ṣeré lọ́wọ́ bí ẹni fún un lẹ́bùn. Ìyẹn gbé e sáré dé òpin pápá, ó sì gba àmì fún àwọn tiwọn. Gbogbo pápá figbe ta! Ọ̀gbẹ́ni Coleman ti wà lórí àga. Mo gbójú sókè, mo rí ẹ̀ṣọ́ méjì tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀. Mo sáré débẹ̀ ṣáájú wọn, mo pè é, kò gbọ́. Ibi tí mo ti ń wá ohun tí mo tún lè ṣe ni mo bá kúnlẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Ẹ ṣe é nítorí tèmi."

Obìnrin kan kígbe pé ọ́ṣà ti dákú, kí wọ́n pe nọ́ọ̀sì wá. Ẹnì kan gbé omi sí mi lẹ́nu. Ẹlòmíràn ń fi ìwé ìròyìn fẹ́ atẹ́gùn sí mi nínú òtútù tó ń gé èèyàn létí! Ọ̀gbẹ́ni Coleman wolẹ̀, ó rí mi, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àga.

"Dìde," ó ní. "Dìde kíá! Orí eékún ni ìyá mi ti nu ilẹ̀ ilé àwọn ẹlòmíràn títí ó fi darúgbó. Mi ò fẹ́ kí ọmọ dúdú kankan kúnlẹ̀ fún mi."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dénú eegun, nítorí mi ò mọ̀ pé ohun tí mo fi bu ọlá fún un lè kàn án lójú ọgbẹ́. Mo dìde.

"Ẹ má bínú, sà. Nílé wa, a kì í kúnlẹ̀ fún ẹni tó sọ wá di ẹrú. Bàbá wa là ń kúnlẹ̀ fún. Wọ́n fẹ́ lé yín jáde, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n lé yín."

Síbẹ̀, kò tíì jókòó. Nílé wa, bí ẹnì kan bá bẹ àgbà tí kò gbà, á pe àwọn ará ilé kí wọ́n bá òun bẹ̀ ẹ́. Mo bá yíjú sí àwọn tó yí wa ká.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n."

Wọ́n ń wo ara wọn lójú. Àwọn kan náà tó ti ń fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn ni. Ọkùnrin tí kọfí dà sí lára ló kọ́kọ́ lanu.

"Coleman, jókòó jàre. Bí wọ́n bá lé ọ, ta ló máa bá wa bú kóòṣì yìí?"

Ẹ̀rín bú sílẹ̀. Ẹlòmíràn bẹ̀ ẹ́, òmíràn tún bẹ̀ ẹ́, títí gbogbo ìlà náà fi ń sọ pé kó jókòó. Nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ fi máa dé, ó ti jókòó, ó ká ọwọ́ lé itan. Wọ́n wò ó, wọ́n wo Dwayne tó ń bọ̀ lẹ́yìn wọn, Dwayne sì ṣẹ́wọ́ sí wọn pé kí wọ́n padà.

"Ṣé bàbá rẹ ṣì wà?" ni Ọ̀gbẹ́ni Coleman béèrè lọ́wọ́ mi.

"Wọ́n wà ní Ìbàdàn."

"Ṣé òun náà máa ń pariwo?"

"Tí wọ́n bá ti ń gbọ́ bọ́ọ̀lù lórí rédíò, kò sẹ́ni tó lè sùn ládùúgbò."

Ó rẹ́rìn-ín. Wọ́n nà wá lọ́jọ́ yẹn náà, ṣùgbọ́n lórí ìjókòó rẹ̀ ló wà tí eré fi parí. Láti ìgbà náà, bí ọ́ṣà tuntun bá dé, ọ̀dọ̀ mi ni Dwayne ń rán an wá. Ohun tí mò ń sọ fún wọn ni pé kí wọ́n tó pe ẹ̀ṣọ́ sí ẹnikẹ́ni, kí wọ́n kọ́kọ́ wá àwọn tó máa bá wọn bẹ̀ ẹ́.

Sáà tuntun dé. Kóòṣì èṣí náà ni, kọ́tábàkì èṣí náà ni. Mo dúró sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀ka mi, mo rí Ọ̀gbẹ́ni Coleman tó di obìnrin kan tó dé fìlà pupa lọ́wọ́ mú. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé láti wo tíkẹ́ẹ̀tì wọn.

"Ṣé ìwọ lo mú un jókòó?" ni ìyá béèrè. "Láti ìgbà tí a ti fẹ́ ara wa ni mo ti ń gbìyànjú ẹ̀. Mo ní kí n fi ojú ara mi rí i."

Kò pẹ́ tí eré bẹ̀rẹ̀ tí kọ́tábàkì tún ju bọ́ọ̀lù nù. Gbogbo ẹ̀ka yíjú sí Ọ̀gbẹ́ni Coleman. Ó mí kanlẹ̀, kò kúrò lójú kan.

"Ọmọdé ni," ló sọ jẹ́jẹ́. "Á mọ̀ ọ́n."

Ìyàwó rẹ̀ ló fò dìde. Ó gun orí àga, ó fi fìlà rẹ̀ na afẹ́fẹ́, ó ń kígbe pé, "Kóòṣì! Ṣé ojú ń dùn ọ́ ni?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lọ bá wọn, ṣùgbọ́n kí n tó débẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Coleman ti yíjú sí àwọn ará ìlà rẹ̀, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "ẹ bá mi bẹ ìyàwó mi."