Ọ̀sẹ̀ Mọ́kànlá tí Akínlabí Fi Dúpẹ́

Bí wọ́n bá ní kí a wá ẹni tó mọ èèyàn kí jù ní gbogbo Àbújá, ẹ má ṣe wàhálà, ẹ wá sí Wuye, kí ẹ bèèrè ilé Akínlabí. Ọmọ Kàbà ni. Ìkíni ni wọ́n sì fi sọ àwọn ará ibẹ̀ lórúkọ: “Okun o!” ni wọ́n fi ń kí ara wọn, Okun náà ni gbogbo ayé ń pè wọ́n. Akínlabí wá gba ọ̀rọ̀ ìkíni yìí kanrí. Ọdún márùndínlógójì ló fi ṣiṣẹ́ ìjọba, kò sí àárọ̀ kan tó kọjá lára ẹni tó ń gbálẹ̀ láìbèèrè àlàáfíà ọmọ rẹ̀. Bí òrùlé bá ń jó lókè orí rẹ̀, tí ẹ bi í pé báwo ni nǹkan, “A dúpẹ́” ni yóò kọ́kọ́ sọ. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ọmọ tí wọ́n kí, tó wá ń ráhùn, kò gba ẹ̀kọ́.

Ìwà dáadáa ni o, n kò sọ pé kò dáa. Àmọ́ ìwà yìí ló fẹ́ẹ̀ ba nǹkan jẹ́ fún un lọ́dún yìí.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ó ra mọ́tò oníná, irú èyí tí kì í mu epo rárá, tí wọ́n ń so mọ́ iná bí ẹni so fóònù. Àwọn ará àdúgbò ní fáàrí ló ń ṣe. Irọ́ ni wọ́n pa! Ìyá rẹ̀ ló rà á fún. Màmá ti lé lẹ́ni àádọ́rùn-ún ọdún, Kàbà ni wọ́n ń gbé, wọn kò sì dé Àbújá rí, torí pé òórùn epo bẹntiróòlù kì í bá wọn lára mu. Bí wọ́n bá wọ mọ́tò elépo, kí wọ́n tó dé Lọ́kọ́ja, wọ́n á ti bì lẹ́ẹ̀mẹrin, wọ́n á sì ní kí wọ́n dá àwọn padà sílé.

Màmá yìí kan náà ló sì ń wẹ gbogbo ọmọ tuntun ìdílé wọn. Ogójì ọjọ́ gbáko ni. Wọ́n á jókòó, wọ́n á na ẹsẹ̀, wọ́n á tẹ́ ọmọ sórí rẹ̀, wọ́n á fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ra gbogbo ara rẹ̀, wọ́n á nà án lápá, wọ́n á nà án lẹ́sẹ̀. Ọmọ mẹ́ta ni Kúnbi, ìyàwó Akínlabí, bí, Kàbà ló lọ bí wọn sí, Màmá kò sì jẹ́ kó fọwọ́ kan omi. Nígbà tí Fikáyọ̀, ọmọbìnrin wọn, wá lóyún, oyún àkọ́kọ́ tí ọmọ-ọmọ Màmá yóò ní, ni Màmá ti ń pe fóònù lójoojúmọ́. “Akínlabí, mọ́tò tí kì í rùn yẹn, ọjọ́ wo ló ń bọ̀? Èmi ni n ó wẹ èyí.”

Oyún Fikáyọ̀ pé oṣù méje ni lẹ́tà dé láti ilé-iṣẹ́ tó ta mọ́tò. Wọ́n ní àléébù wà nínú bátìrì irú mọ́tò náà, ó lè gbóná sódì. Wọ́n ní àwọn máa pààrọ̀ rẹ̀ fún gbogbo èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n títí dìgbà náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe jẹ́ kí ṣáàjì rẹ̀ kọjá ìdajì, kí wọ́n má sì gbé e sábẹ́ ilé. Ó parí! Bí bátìrì bá kún, Akínlabí á dé Kàbà, díẹ̀ á sì ṣẹ́ kù. Ìdajì kò lè mú un kọjá Kotonkárífì, kò sì síbi tí yóò ti so ó mọ́ iná lójú ọ̀nà. Ló bá di pé ọjà Wuye nìkan ni mọ́tò olówó gọbọi ń lọ, abẹ́ igi dongoyárò ẹ̀bá títì ló sì ń sùn, bí ewúrẹ́ tí wọ́n lé jáde.

Àwọn tó ní irú mọ́tò náà dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lórí Wasáàpù. Yéè! Ẹ wá gbọ́ èébú. Ẹnì kan ní kóòtù lòun ń lọ. Ẹnì kan ní bátìrì tí wọ́n ń retí yìí, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn bọ̀. Jọlá, ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, ló gbóná jù; ó ní òun á gbé ẹní lọ síwájú ọ́fíìsì wọn ní Utako, òun á sùn síbẹ̀. Akínlabí ní tirẹ̀, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, á kọ ọ́ pé, “Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará mi. Ṣé a jí dáadáa? Ọlọ́run á bá wa ṣe é.”

Ilé-iṣẹ́ náà kúkú ní ètò. Gbogbo ọjọ́ Ajé, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Priscilla máa ń pe àwọn oníbàárà lọ́kọ̀ọ̀kan. Òyìnbó ni wọ́n jọ ń sọ, ṣùgbọ́n Yorùbá ni Akínlabí fi ń dáhùn nínú ọkàn rẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀, sà. Báwo ni mọ́tò yín?”

“Háà, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó wà dáadáa. Ìwọ ńkọ́? Ìyá rẹ ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti san?”

“Ó ti ń san, sà. Ẹ ṣeun, sà. Ó dàbọ̀.”

Ó ti pa fóònù. Akínlabí á dúró, ẹnu rẹ̀ á là sílẹ̀, ẹjọ́ tó fẹ́ rò á ṣì wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ṣé ẹ rí i, níbi tí wọ́n ti tọ́ ọ, ìkíni ló ń ṣáájú. Bí ẹ bá kíra yín tán, ẹni tó wá bá yín á wá ní, “Ọ̀rọ̀ wá ńkọ́?” Ìgbà yẹn lèèyàn tó ń tú ẹrù rẹ̀ sílẹ̀. Priscilla kì í bèèrè “Ọ̀rọ̀ wá ńkọ́” ní tirẹ̀. Akínlabí pè wọ́n padà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀rọ ló dá a lóhùn, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń kí ẹ̀rọ. Ó ní kò burú, iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́wọ́ ọmọ náà, ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ kò jìnnà.

Báyìí ni ọjọ́ Ajé ń bọ̀, tó ń lọ. Jọlá gba bátìrì tuntun ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún. Àwọn yòókù ń gbà á tẹ̀ lé e. Ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, Fikáyọ̀ bí ọmọbìnrin, wọ́n sọ ọ́ ní Ayọ̀midọ̀tun. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gba ọmọ náà, dókítà sì ní ìyá rẹ̀ kò gbọdọ̀ rin ìrìn àjò kankan fún oṣù méjì. Wuye, nílé Akínlabí, ni wọ́n ti ń tọ́jú wọn. Ọmọ dé, ẹni tó máa wẹ̀ ẹ́ kò dé. Fikáyọ̀ kò mọ̀ ọ́n wẹ̀, Kúnbi kò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Bí wọ́n bá ti fi ọṣẹ kan ọmọ lára, á máa yọ̀ bọ̀ọ́rọ́ bí ẹja àrọ̀, àwọn méjèèjì á máa pariwo, ọmọ náà á sì máa ké lé wọn lórí.

Màmá pè. “Ọjọ́ kẹjọ rèé. Ta ló ń wẹ̀ ẹ́?”

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, a ń dúró de bátìrì ni.”

“Ogójì ọjọ́ kò dúró de bátìrì o.”

Akínlabí fi fóònù sílẹ̀, ọkàn rẹ̀ bàjẹ́. Ẹni àádọ́rùn-ún ọdún! Ọmọ mìíràn wo ni kí Màmá tún máa retí láti wẹ̀?

Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kọkànlá ni Jọlá bèèrè lórí Wasáàpù pé ta ni kò tíì gba bátìrì. Akínlabí nìkan ṣoṣo ló jẹ́ ẹ. Inú bí Jọlá. Ó gbé mọ́tò rẹ̀, ó di Wuye, ó ní, “Bàbá, ẹ wọlé, ẹ jẹ́ ká lọ. Èmi ni n ó bá yín jà á.” Bí wọ́n ṣe dé Utako, ó ti ń fi ọwọ́ gbá tábìlì kí ìdí Akínlabí tó kan àga.

Priscilla ló dìde sí wọn. Bó ṣe gbọ́ orúkọ Akínlabí báyìí, ojú rẹ̀ là. “Ẹ̀yin lẹ ń bèèrè ìyá mi! Láàárín gbogbo àwọn tí mò ń pè, ẹ̀yin nìkan lẹ kì í bú mi.” Jọlá ní kó fi ìyẹn sílẹ̀, bátìrì bàbá dà? Priscilla ní, “Ṣùgbọ́n wọn kò ní ìṣòro kankan.” Ó yí ojú kọ̀ǹpútà sí wọn. Ọjọ́ Ajé mọ́kànlá wà níbẹ̀, ohun tó sì kọ síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan ni pé: Oníbàárà ní mọ́tò wà dáadáa. Oníbàárà dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ọ̀rọ̀ rèé o. Inú ọkọ̀ òkun ni àwọn bátìrì náà ń bá bọ̀, díẹ̀ díẹ̀ ni, ẹni tó bá sì ti ní mọ́tò òun dára, kọ̀ǹpútà á tì í sẹ́yìn kí ẹni tí ìyà ń jẹ lè bọ́ síwájú. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni Akínlabí fi ẹnu ara rẹ̀ ti ara rẹ̀ sẹ́yìn. Jọlá fẹ́ bínú, ẹ̀rín gbé e lọ, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Akínlabí kò rẹ́rìn-ín. Ojú tì í wẹ̀lẹ̀mù. Priscilla bẹ̀ ẹ́, ó ní òun kò lè fọwọ́ ara òun yí i, ohùn oníbàárà lórí fóònù nìkan ni kọ̀ǹpútà ń gbà. “Tí mo bá pè lọ́jọ́ Ajé, sà, ẹ ṣáà sọ pé kò dára. Kí ẹ kọ́kọ́ sọ ìyẹn.”

Àṣé kékeré kọ́ niṣẹ́ náà. Láti Ọjọ́bọ̀ títí di ọjọ́ Àìkú ni Kúnbi fi ń kọ́ ọ nínú pálọ̀. Kúnbi á fi ọwọ́ ṣe fóònù, á yí ohùn padà: “Ẹ káàárọ̀, sà, báwo ni mọ́tò yín?”

“A dú—”

“Bàbá Fikáyọ̀!”

“Ó bọ́ mọ́ mi lẹ́nu ni. Tún un bi.”

“Báwo ni mọ́tò yín, sà?”

“Kò dára púpọ̀, àmọ́ a dúpẹ́.”

“Ẹ dúpẹ́ kí ni? Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Tiyín tún le, ẹ̀yin ò tilẹ̀ dákẹ́, ẹ̀ ń yin ohun tó ń jẹ yín níyà!” Fikáyọ̀ ń rẹ́rìn-ín nínú yàrá, ó di ojú iṣẹ́ abẹ rẹ̀ mú, ó ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má pa òun.

Ọjọ́ Ajé pé. Bí fóònù ṣe dún ni wọ́n ń wẹ Ayọ̀midọ̀tun lọ́wọ́ ní bálùwẹ̀, ọmọ náà sì figbe ta bí ẹni tí wọ́n ń bó láwọ̀. Akínlabí gbé fóònù.

“Ẹ káàárọ̀, sà. Báwo ni mọ́tò yín?”

Ó gbọ́ igbe ọmọ. “Kò dára!” Ariwo náà dẹ́rù ba òun pàápàá. “Kò dára rárá ni! Ọ̀sẹ̀ kejìlá rèé tẹ́ ẹ ti so mí mọ́lẹ̀! Ìyá mi ti dàgbà, ogójì ọjọ́ ọmọ mi ń lọ, abẹ́ igi sì ni mọ́tò yín wà, ó ń jẹ ìgbẹ́ ẹyẹ! Inú ń bí mi! Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé inú ń bí mi!”

Ọmọ pàápàá dákẹ́. Priscilla ní, “Mo ti kọ ọ́, sà.” Akínlabí mí kanlẹ̀, ó wá rọ ohùn. “Ó ṣeun, ọmọ mi. Má bínú. Ìyá rẹ ńkọ́?”

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, wọ́n pè é sí Utako, wọ́n pààrọ̀ bátìrì. Ọmọ ti pé ọjọ́ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Kò ju ọjọ́ kejì lọ tí Akínlabí fi bátìrì tó kún dẹ́múdẹ́mú gba ọ̀nà Kàbà, ó sùn síbẹ̀ kó lè so mọ́tò mọ́ iná sólà ọ̀rẹ́ rẹ̀, ilẹ̀ ọjọ́ kẹta mọ́, ó gbé Màmá síwájú. Màmá ń ṣí imú kiri inú mọ́tò, wọ́n ń wá òórùn, wọn kò rí i. Ìgbà tí wọ́n rí i tí igi ń sá sẹ́yìn ni wọ́n tó mọ̀ pé wọ́n ti ń lọ. Dípò kí wọ́n bì ní Lọ́kọ́ja, ẹja ni wọ́n ní kó dúró ra. Inú Akínlabí dùn débi pé ó ń kọrin ìjọ títí wọ́n fi dé Wuye.

Màmá kò sinmi. Wọ́n ní kí wọ́n gbé omi wá. Wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n ká ìró sókè, wọ́n na ẹsẹ̀, wọ́n tẹ́ Ayọ̀midọ̀tun sórí rẹ̀. Wọ́n na ọwọ́ sí orí ọmọ láti gbé e. Ọwọ́ náà ń gbọ̀n. Wọ́n fà á padà, wọ́n tún nà án, ó tún gbọ̀n ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kúnbi yí ojú sí ògiri.

“Akínlabí,” Màmá ní, “ká ọwọ́ ẹ̀wù rẹ.”

“Èmi kẹ̀, Màmá? Èmi ọkùnrin?”

“Ìwọ. Ọwọ́ òsì sábẹ́ ọrùn. Má fún un lọ́rùn, kì í ṣe adìyẹ. Ẹ̀n-ẹ́n. Bu omi báyìí, dà á láti àyà wá. Rọra.”

Akínlabí kúnlẹ̀. Ó ń bu omi, ó ń dà á, Màmá ń bá a wí, wọ́n ní ó ń fọ ọmọ bí ẹni fọ mọ́tò. Ọmọ náà kò ké. Ó la ojú, ó ń wò wọ́n. Ẹkún ń dà lójú Akínlabí, kò sì ráyè nù ún torí pé ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Nígbà tẹ́ ẹ̀ ń da ara yín láàmú lórí bátìrì,” Màmá ní, “ẹ rò pé mi ò mọ̀ pé ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n? Ó ti tó ọdún méjì. N kò wá wẹ ọmọ. Ẹni tí yóò máa wẹ̀ wọ́n lẹ́yìn mi ni mo wá kọ́, ìwọ ni àkọ́kọ́ tí mo wẹ̀, ara rẹ á ṣì rántí.”

Màmá ti kànìnkànìn sí i lọ́wọ́, wọ́n ní kó fọ ẹ̀yìn etí, ibẹ̀ ni gbogbo yín máa ń gbàgbé.