Àṣàbí Onísíìpù àti Fíìmù Ọmọ Rẹ̀

Bí ẹ bá ti wo ọ̀kan nínú àwọn fíìmù tí wọ́n ń ṣe nípa àwọn DJ tó ń rìnrìn àjò, ẹ ti wo gbogbo wọn. DJ á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ọkọ̀ òfuurufú, á máa wo ìkúùkuu bíi pé òun ló dá a. Á fọ eyín ní òtẹ́ẹ̀lì. Ọ̀pọ̀ òyìnbó á nawọ́ sókè nínú òkùnkùn, òun á kàn tẹ bọ́tìnnì kan, wọ́n á sì figbe ta. Lẹ́yìn náà á yọ jígí dúdú ojú rẹ̀, á ní òun dá wà láyé. Ẹni tí odindi agbo èèyàn ń gbé ẹrù tẹ̀ lé kiri ló dá wà o! Ẹ gbà mí.

Ọ̀dọ̀ Àṣàbí ni mo ti wo gbogbo ìranù yẹn. Ìsọ̀ wa fara kanra ní Pápá Àjàó ní Mushin. Èmi ń ránṣọ, òun ń ta síìpù, òwú, bọ́tìnnì àti gbogbo ohun tí aránṣọ lè máa wá kiri. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ọkọ rẹ̀ ti kú, ọmọ kan ṣoṣo ló sì bí: Teslim, tí àwọn èèyàn mọ̀ sí DJ Ìjì. Látìgbà tí ọmọ náà ti sọ fún un pé wọ́n fẹ́ ṣe fíìmù nípa ìrìnàjò òun sí ìlú òyìnbó ni Àṣàbí ti ń wo fíìmù àwọn DJ mìíràn lórí fóònù, kó lè mọ bí ìyá ṣe máa ń ṣe nínú rẹ̀. Oríṣi ìyá méjì ló rí. Ọ̀kan á gbé fọ́tò ọmọ rẹ̀ jáde, á sunkún díẹ̀, á bu oúnjẹ fún àwọn oníkámẹ́rà. Èkejì á ti kú. Mo sọ fún un pé ó jọ pé èyí tó ti kú ni wọ́n fẹ́ràn jù.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá Jael, ẹnu yín ò dáa."

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú èèyàn tí Àṣàbí jẹ́. Nígbà tí Teslim bẹ̀rẹ̀ orin kọ̀ǹpútà rẹ̀, inú yàrá kan ṣoṣo ni òun àti ìyá rẹ̀ ń gbé. Mo ń pè é lórin ni, kí ẹ má baà ní mo ń ṣe ìlara. Kò sí ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, kò sí ohùn èèyàn, àfi gbàm-gbàm-gbàm tó ń sáré bíi pé ọlọ́pàá ń lé e. Ògiri ń gbọ̀n. Aboyún tó wà ní yàrá kejì ò rí oorun sùn. Àwọn ayálégbé ti fẹnu kò pé kí Teslim àti ìyá rẹ̀ kó jáde. Láràárọ̀ ọjọ́ Sunday, Àṣàbí á máa lọ láti ẹnu ọ̀nà kan sí òmíràn, á kúnlẹ̀, á ní kí wọ́n má bínú, kí wọ́n bá òun fara dà á, pé ohun tí ọmọ òun máa jẹ láyé ni.

Lọ́jọ́ kan mo rí i tó kúnlẹ̀ fún ọmọbìnrin tí òun lè bí. Inú bí mi.

"Ìyá Teslim, kí lẹ ń ṣe yìí? Òun tó ń pariwo ńkọ́? Kó jáde wá bẹ̀bẹ̀ fúnra ẹ̀ nàá!"

"Ẹ fi í sílẹ̀. Ọmọdé ni. Tèmi ni kí n bá a bẹ̀ wọ́n."

Inú yàrá ni ọmọdé ọ̀hún wà, pẹ̀lú irùngbọ̀n rẹ̀, ó gbé hẹ́dífóònù sétí, ó ń mi orí.

Àmọ́ orin náà ta lóòótọ́, n ò lè parọ́ mọ́ ọn. Wọ́n pè é lọ sí Berlin, wọ́n pè é lọ sí Lisbon, Benjamin tó ń ṣe fíìmù náà sì ń gbé kámẹ́rà tẹ̀ lé e. Ọmọ Sùúrùlérè ni Benjamin, ó máa ń wọ ṣòkòtò tó ti ya lórúnkún, á sì máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bíi pé ẹnì kan ń ṣàìsàn nítòsí. Nígbà tí ìrìnàjò parí, wọ́n wá sí Pápá Àjàó láti ya ibi tí DJ Ìjì ti jáde.

Àṣàbí kun ìsọ̀ rẹ̀ ní ọ̀dà. Ó wọ léèsì. Ó gbé fọ́tò Teslim nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn sórí tábìlì, láàárín àwọn síìpù. Nígbà tí ọmọ náà dé, kò dọ̀bálẹ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà" ló sọ. Ó wá ní kí wọ́n gbé fọ́tò yẹn kúrò, pé gíláàsì rẹ̀ ń tàn sójú kámẹ́rà. Àṣàbí gbà pé bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyẹn. Ó jókòó, ó sọ̀rọ̀ títí ẹnu fi ń ro ó: bó ṣe tọ́ ọ dàgbà, bó ṣe wò ó sàn nígbà tí ibà fẹ́ pa á, bó ṣe kúnlẹ̀ káàkiri ilé. Ọmọ mi báyìí, ọmọ mi lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà obìnrin wo ní Mushin ni kì í pe ọmọ ọlọ́mọ bẹ́ẹ̀? Benjamin ń mi orí, ó ń ní "Ẹ ṣé gan-an, mà." Teslim ń wo bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ọ̀sán Saturday ni wọ́n kọ́kọ́ fi fíìmù náà hàn, ní gbọ̀ngán kan ní Yaba. Teslim ò pe ìyá rẹ̀. Ó ní àwọn oníròyìn nìkan ló wà fún, pé ó máa rẹ ìyá òun. Àṣàbí gbọ́ ọ, ó ní ọmọ òun ń ṣàánú òun, ó wá ra tíkẹ́ẹ̀tì fún àwa méjèèjì. Kò wá owó lọ́wọ́ Teslim, kò wá ilé. Ohun kan ṣoṣo ló fẹ́: kí ọmọ náà dárúkọ òun lójú àwọn èèyàn, kí wọ́n mọ̀ pé òun lòun bí i.

Wọ́n pa iná. Fèrèsé ọkọ̀ òfuurufú dé. Ìkúùkuu dé. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín dé, mo sì rọra pòṣé. Lẹ́yìn náà Teslim jókòó létí òkun ní Lisbon, atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì sọ pé òun ò ní ìyá. Ó ní ìyá òun ti kú láti kékeré òun, pé kò sẹ́ni tó bá òun bẹ ẹnikẹ́ni rí.

Àṣàbí fọwọ́ kàn mí. "Ìyá Jael, ìyá ta ló ní ó kú?"

Kí n tó lanu, òun fúnra rẹ̀ ti yọ lójú fíìmù nínú léèsì rẹ̀, ó ń sọ pé ọmọ dáadáa ni Teslim láti kékeré. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé aládùúgbò ni. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbé e kúrò. Mo fẹ́ dìde kí n ké, ṣùgbọ́n Àṣàbí di ọwọ́ mi mú.

Nígbà tí wọ́n tan iná, àwọn èèyàn ń nu ojú. Ọmọbìnrin kan níwájú wa ń fọn ikun nítorí ọmọ òrukàn tó wọ bàtà olówó iyebíye. Teslim àti Benjamin gorí pèpéle, wọ́n ní ẹni tó bá ní ìbéèrè kó bi wọ́n. Ẹnì kan bi í níbo ló ti ń rí agbára. Òmíràn bi í bóyá ó máa ń gbàdúrà. Ni Àṣàbí bá dìde.

Mo rí ojú Teslim nígbà tó rí i. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ó ṣì lè tún un ṣe nígbà yẹn. Kó kàn sọ pé "Màmá mi nìyí," àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín, Àṣàbí á sì ti dárí jì í kó tó parí ọ̀rọ̀. Mo mọ obìnrin náà dáadáa.

Wọ́n gbé máìkì fún un.

"Ẹ káàsán, sà," ló sọ fún ọmọ tó bí. "Fíìmù yín dáa. Ìbéèrè kan ni mo ní. Níbo lẹ sin ìyá yín sí?"

Benjamin, tí kò mọ̀ pé ìyá Teslim ni, ti dá a mọ̀, inú rẹ̀ dùn. "Aládùúgbò wa nìyẹn o, láti Pápá Àjàó! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pàtẹ́wọ́ fún màmá!" Wọ́n pàtẹ́wọ́. Teslim wo Benjamin, ó wo àwọn fóònù tí wọ́n gbé sókè láti fi ya á, ó wo ìyá rẹ̀.

"Ògbómọ̀ṣọ́ ni, mà," ló wí.

Àṣàbí mi orí. "Ẹ kú ara fẹ́ra kù o. Kí Ọlọ́run forí jì wọ́n, kó tẹ́ wọn sí Àlùjánnà."

Gbogbo gbọ̀ngán ṣe àmín. Teslim gbé máìkì sẹ́nu, òun náà ṣe àmín.