Omi Iyọ̀ fún Ọkàn Tó Ti Rẹ̀

Ó fi èékánná ta ìgò kékeré tó wà lábẹ́ dírípù lẹ́ẹ̀mejì, ó gbé aago ọwọ́ rẹ̀ sún mọ́ ọn, ó sì ń ka bí omi ṣe ń kán. Ètè rẹ̀ ń mì, ohùn kò jáde.

Ìyá Olómi ni àwọn aláìsàn ń pè é. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti fi ṣe nọ́ọ̀sì, ó mọ omi bí alágbẹ̀dẹ ṣe mọ iná. Omi iyọ̀ ni ti ẹni tó bì, tó yàgbẹ́ títí ojú rẹ̀ fi jìn wọnú. Omi ṣúgà ni ti ẹni tí ṣúgà ara rẹ̀ já wálẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó forí gbá kò gbọdọ̀ gbà á, kí ọpọlọ rẹ̀ má baà wú. Bí omi ti ń gbani, bẹ́ẹ̀ ló ń pani.

Káfíńtà àgbà kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì kẹrin láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ìgbẹ́ gbuuru ti gbẹ ẹ́ bíi pákó, ọkàn rẹ̀ kò sì lágbára mọ́. Dókítà ní kí àpò omi iyọ̀ kan lo wákàtí mẹ́wàá. Ọmọ káfíńtà náà obìnrin, aránṣọ, wo bí omi ṣe ń kán títí ó sú u.

"Ṣé oògùn ojú lẹ̀ ń kán fún bàbá mi ni?"

Bàbá ní kí nọ́ọ̀sì má dá a lóhùn, ó ní aṣọ oníbàárà ló máa ń fà yọ lẹ́nu ẹ̀rọ kó tó rán an tán. Ìyá Olómi rẹ́rìn-ín. Ó ṣàlàyé fún aránṣọ náà pé ọkàn àgbà kò lè gbé ẹrù omi lẹ́ẹ̀kan. Bó bá pọ̀ jù, inú ẹ̀dọ̀fóró ló máa dà sí.

Àṣà rẹ̀ ni kó lẹ plásítà mọ́ kẹ̀kẹ́ kékeré tó ń dín omi kù lára rọ́bà dírípù, kí ẹnikẹ́ni má baà yí i, nítorí ó mọ àwọn ẹbí: lójú wọn, omi ni agbára, ó sì yẹ kó tètè wọlé. Plásítà ti tán ní wọ́ọ̀dù láti àná. Ó wo kẹ̀kẹ́ náà, ó wo obìnrin náà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n pè é sí bẹ́ẹ̀dì kẹsàn-án, níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń ya lára ìyá ìkókó kan.

Igbe aránṣọ ló dá a padà. Àpò omi ti ṣófo pẹlẹbẹ. Bàbá jókòó, ó ń wá èémí, ìfófòó pupa rúsúrúsú wà lẹ́nu rẹ̀. Ìyá Olómi ti dírípù pa, ó gbé orí bẹ́ẹ̀dì sókè, ó fi afẹ́fẹ́ sí i nímú. Dókítà sáré dé, wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ tó ń mú ni tọ omi dànù. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Kí oòrùn tó kan àtàrí, wọ́n ti fa aṣọ bò ó lójú.

Aránṣọ náà fara ti ògiri. Ó ní òun kàn fẹ́ kí bàbá lókun kí òun tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù ni. Ọwọ́ tó fi yí kẹ̀kẹ́ ló ń wò.

"Ìyá, ṣé èmi ni mo pa á?"

Irọ́ ìbá rọrùn. Bàbá ti dàgbà, oṣù mẹ́ta péré ló sì kù kí Ìyá Olómi fẹ̀yìn tì. Kò sẹ́ni tó máa tọ pinpin.

"Ọmọ mi, omi náà yára ju ohun tí ọkàn bàbá lè gbé lọ. Ìwọ lo yí i. Èmi ni mo fi í sílẹ̀ lásán, tí mo bá tèmi lọ."

Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé, ó fi orúkọ ara rẹ̀ ṣáájú. Ó yọ abẹ́rẹ́ kúrò lọ́wọ́ òkú, ó nu ojú ibẹ̀, ó dá ọwọ́ náà padà sábẹ́ aṣọ. Ó há ìwé sí abíyá, ó sì gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì mẹ́tírọ́ọ̀nù, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì.