Àga Tí Wọ́n Gbé Kúrò Lábẹ́ Àwòrán Olùkọ́ Mi

Ìgbìmọ̀ wa fi àbúrò olùkọ́ mi jókòó sídìí bàtà, nínú ilé tí gbogbo wa ti ń pe olùkọ́ náà ní bàbá.

Ẹ̀sìn Vaishnava ni mò ń ṣe, ìyẹn ẹ̀sìn láti Íńdíà, ti àwọn tó ń pe Ọlọ́run ní Kríṣná. Àwọn ará ilé wa ní Dublin, bí wọn kò bá lọ ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí ni wọ́n ń lọ. Èmi ni wọ́n máa ń dá dúró láàárín ọjà Blanchardstown pé, "Àǹtí, ṣé kò sí o?" Ìyẹn ti mọ́ mi lára. Ohun tí kò lè mọ́ mi lára láéláé ni ohun tí ojú mi rí ní gbọ̀ngàn wa ní Ballymun.

Íńdíà ni olùkọ́ wa ń gbé. Wọ́n ti dàgbà, ara wọn kò sì le mọ́. Wọ́n ti ṣèlérí pé lásìkò ooru yìí àwọn yóò wá, àwọn yóò gbà mí lọ́mọ, àwọn yóò sọ mí lórúkọ, àwọn yóò sì fi ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà lé mi lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ti ń dúró de ọjọ́ yẹn. Kí ó tó pé, wọ́n pè wá lórí fóònù, gbogbo wa la sì gbọ́ ọ: "Àbúrò mi ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín láti London. Bí ẹ ṣe ń ṣe mí ni kí ẹ ṣe é."

Kì í ṣe àbúrò ọmọ ìyá. Olùkọ́ kan náà ló tọ́ àwọn méjèèjì láti ìgbà èwe; lọ́dọ̀ wa, ìyẹn ju ọmọ ìyá lọ. Òfin rẹ̀ kò ṣòro. Bí olùkọ́ rẹ bá wà níjòókòó, òun ni wàá kọ́kọ́ forí balẹ̀ fún, kó o tó forí balẹ̀ fún akẹgbẹ́ rẹ̀. Bí kò bá sí níjòókòó, akẹgbẹ́ náà ni yóò jókòó sórí àga tí a tẹ́ sábẹ́ àwòrán olùkọ́. A ó fọ ẹsẹ̀ rẹ̀, a ó fi òdòdó sí i lọ́rùn, òun ni yóò sọ̀rọ̀, ẹnì kankan kò sì gbọ́dọ̀ jẹun ṣáájú rẹ̀. Kí ló ṣàjèjì sí Yorùbá nínú èyí? Bàbá kékeré ni. Orúkọ tí mo pè wọ́n nìyẹn nígbà tí mo lọ gbé wọn ní pápákọ̀ òfurufú, Bàbá Kékeré. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún wọn, wọ́n sì rẹ́rìn-ín títí a fi dé Ballymun.

A wọlé, àga kò sí níbẹ̀. Àwòrán nìkan ló wà lára ògiri. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ wa, ọmọ Ìbàdàn tí mo dàgbà jù dáadáa, nawọ́ sí àga oníke kan lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí a ń bọ́ bàtà sí. Mo fa akọ̀wé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Àga dà?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra, ẹ jọ̀ọ́. Ó wà ní yàrá ẹ̀yìn. Alága ló ní ká gbé e."

"Nítorí kí ni?"

"Àga olùkọ́ ni. Ẹni tó bá gbé ẹlòmíì sórí ẹ̀ ń wá olùkọ́ kejì nìyẹn. Àbí bàbá méjì lẹ fẹ́ ní?"

"Nílé yín n'Íbàdàn, bí àbúrò bàbá ẹ bá dé, ṣé ìdí bàtà lẹ máa ń fi wọ́n sí?"

Ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ẹ̀gbọ́n, ó grand. Àlejò fúnra wọn ò bínú. Ẹ wò wọ́n."

Grand! "Kò séwu" tí àwọn ará Dublin fi ń bo gbogbo nǹkan mọ́lẹ̀, òun náà ti kọ́ ọ.

Mo wò wọ́n. Wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀ lórí àga oníke náà, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, torí pé ilẹ̀ ni àwọn tó kù jókòó sí. Òjò ń rọ̀ níta. Ẹni tó bá wọlé á bọ́ bàtà sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún wọn, omi ìdọ̀tí sì ń ṣàn lọ sí aṣọ wọn. Alága wa, ọmọ Dublin gan-an, ló sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ìrẹ̀lẹ̀ ló sọ̀rọ̀ lé lórí. Kò tilẹ̀ dárúkọ àlejò. Nígbà tí oúnjẹ dé, mo gbé abọ́ àkọ́kọ́, mo dojú kọ ẹnu ọ̀nà. Akọ̀wé gbà á lọ́wọ́ mi lójú gbogbo èèyàn: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé ètò." Ìrẹsì tó ti tutù, tó ti dì, ni Bàbá Kékeré jẹ lẹ́yìn gbogbo wa.

Akọ̀wé kan náà ló ya fídíò ọ̀rọ̀ alága, ó sì gbé e sórí wásáàpù ẹgbẹ́. Olùkọ́ wa wò ó ní Íńdíà. Wọ́n rí àbúrò wọn láàárín bàtà. Wọ́n ní àwọn kò ní gba ọmọ kankan ní Dublin mọ́, àfi bí àbúrò àwọn bá dárí jì wá. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, lọ́dọ̀ wa, ẹni tí a ṣẹ̀ nìkan ló lè dárí jini. Olùkọ́ kò lè bá a ṣe é.

Mo pe Bàbá Kékeré ní London.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì wá."

"Kí lẹ ṣe?"

"Wọ́n fi yín sídìí bàtà."

"Bàtà àwọn tó ń sin Ọlọ́run ni. Ibẹ̀ tó mi."

"Ẹ ṣáà sọ pé ẹ ti dárí jì wá. Nítorí tèmi."

"Ọmọ mi, bí mo bá ní mo dárí jì, mo ti ní ẹnì kan ṣẹ̀ mí nìyẹn. N kò rí ẹni tó ṣẹ̀ mí. Ṣé kí n purọ́ fún olùkọ́ rẹ ni? Ẹni tó bá mọ ohun tó ṣe, kó wá fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Màá gbọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ kò lè bá a sọ ọ́."

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá alága. Ó ní ìpàdé yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Akọ̀wé pa fídíò náà rẹ́. Olùkọ́ mi wà lórí ibùsùn báyìí, wọn kò lè dá jókòó mọ́, n kò sì tíì lórúkọ.

Alága, ta ló fún yín láṣẹ láti gbé àga tí olùkọ́ fúnra wọn ní ká tẹ́ fún àbúrò wọn? Ìwọ akọ̀wé, bí ohun tó wà nínú fídíò yẹn bá dára, kí ló dé tí o pa á rẹ́? Ọ̀nà London kò jìn. Ọjọ́ wo lẹ̀yin méjèèjì máa lọ kúnlẹ̀ níwájú Bàbá Kékeré, kí ẹ fẹnu ara yín sọ ohun tí ẹ ṣe, kí olùkọ́ mi tó kú? Ẹ dá mi lóhùn.