Bàbá Onídígí àti Ọkọ̀ Òfuurufú Tó Yára Ju Ìró Lọ

Títí dòní, tí wọ́n bá ti dárúkọ Bàbá Onídígí, ìpàdé gbọ̀ngàn yẹn la kọ́kọ́ máa ń rántí. Ilé-iṣẹ́ kan ló wá tọrọ àyè kí ọkọ̀ òfuurufú wọn, tó yára ju ìró lọ, máa gba òkè ilé wa kọjá. Ọ̀gá wọn ní ariwo tí yóò máa dún tẹ̀ lé e kò ní ju ìgbà téèyàn ti ilẹ̀kùn lọ. Bàbá Onídígí dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ilẹ̀kùn ilé ta ni?"

"Ilẹ̀kùn lásán ni, bàbá."

"Torí tí ìyá ọmọ mi bá fi ìbínú ti tiwa, wíńdò méjì ni mo máa ń pààrọ̀."

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ̀, tó jókòó sí ìlà kejì, kàn mi orí. "Kò burú. A ṣì máa délé."

Àwọn kan rò pé inú bàbá á máa dùn lábẹ́lẹ̀. Ṣebí bí fèrèsé bá fọ́, òun náà la máa pè? Wọn ò mọ̀ pé ọmọ kan ṣoṣo tó bí ń gbé lókè òkun, ó sì ti bímọ síbẹ̀. Wákàtí mọ́kànlá ni ọkọ̀ ń lò débẹ̀. Dókítà sì ti ní bàbá fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ jókòó kọjá wákàtí mẹ́fà, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń wú. Ọkọ̀ tuntun yìí á fi wákàtí márùn-ún dé ọ̀hún.

Ṣáájú ìpàdé yẹn, ó ti lọ bá akọ̀wé tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì.

"Ẹ bá mi wá èyí tó ń lo wákàtí márùn-ún."

"Kò tíì sí, bàbá. Mọ́kànlá ni gbogbo wọn."

"Ẹ ṣáà bá mi bẹ dẹ́rẹ́bà kó tẹná díẹ̀."

Síbẹ̀, lọ́jọ́ ìpàdé, nígbà tí wọ́n ní kí àwọn tó fara mọ́ ọn nawọ́, kò na tirẹ̀. Òun ló ṣe gbogbo fèrèsé ilé ìgbẹ̀bí, ó sì mọ bí àwọn ìkókó ibẹ̀ ṣe máa ń ta gìrì bí dígí bá já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo fẹ́ rí ọmọ-ọmọ mi o," ló sọ. "Àmọ́ mi ò lè torí tèmi máa jí ọmọ ọlọ́mọ lójú oorun. Ẹ lọ wá bó ṣe máa sáré láì pariwo, kí ẹ padà wá. Èmi ni màá kọ́kọ́ wọ inú ọkọ̀ náà."

Ọ̀gá náà jẹ́wọ́ pé ó máa pẹ́, àti pé epo tó ń mu gan-an ń kó wọn láyà sókè. Kò sẹ́ni tó tún nawọ́ mọ́; wọ́n kó ìwé wọn, wọ́n lọ.

Ọmọ rẹ̀ gbọ́. Kò bá a jiyàn rárá. Ó gbé ìkókó rẹ̀, ó wọ ọkọ̀ oníwákàtí mọ́kànlá. Bàbá dúró sẹ́nu ọ̀nà ní pápákọ̀ òfuurufú, ó ń kí gbogbo ẹni tó ń jáde.

"Ẹ kú ewu o! Ẹ ṣeun tí ẹ bá mi sin ọmọ mi dé."

Ọkùnrin kan dúró. "Ṣé ẹ mọ̀ mí ni, sà?"

"Rárá. Ṣé ẹ ò bá a wọ ọkọ̀ kan náà ni?"

"Ó jọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ ṣeun gan-an ni."

Oṣù mẹ́rin péré ló kù fún un láyé, a ò mọ̀. Ó ṣì ń dùn wá, àmọ́ a dúpẹ́ gidi pé wọ́n ríra. Nígbà tí wọ́n gbé ọmọ-ọmọ náà lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà, ọpẹ́ tán lẹ́nu rẹ̀ pátá, ó kàn ń sunkún. Ìyàwó rẹ̀ ló bọ́ síwájú, tó ń bá a kí àwọn èrò yòókù títí ẹni ìkẹyìn fi jáde.