Aṣọ Ìnujú tí Mo Ṣe fún Ìyá Àgbà

Mo rántí ìgbà tí òórùn káńfọ̀ jẹ́ òórùn ìbẹ̀rù fún mi. Inú àpótí ìyá àgbà, ìyẹn ìyá tó bí bàbá mi, ló ti ń wá. Àpótí onírin ni, wọ́n fi ọ̀dà ya òdòdó sí i lára, ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ló sì máa ń wà. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ́ọ̀, lẹ́yìn ìrun, yóò ṣí i, yóò kó aṣọ inú rẹ̀ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò gbọ̀n wọ́n, yóò sì tún wọn ká. Èmi ni mo máa ń bá a di etí kejì mú. Bí mo bá ká a wọ́, ọwọ́ rẹ̀ á ti dé etí tèmi. N kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé n kò fẹ́ràn rẹ̀, òun náà ò sì fẹ́ràn mi, kò sì sí ẹni tó fi í pamọ́ fún ẹnì kejì nínú àwa méjèèjì.

Ìyá mi ni ẹ̀ṣẹ̀ mi. Ọmọ Ìgbómìnà ni, ilé onígbàgbọ́ ni wọ́n ti bí i. Nígbà tó fẹ́ fẹ́ bàbá mi, ó gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù, ó kọ́ ìrun, ó ń gba ààwẹ̀ tí ojú rẹ̀ á fi jìn sínú. Ṣùgbọ́n agboolé àwọn àfáà ni agboolé wa láàárín ìgboro Ìlọrin, ìyá àgbà ò sì gbà á gbọ́ fún ọjọ́ kan ṣoṣo. Á ní, “Ẹ̀sìn ìyàwó yìí ò ju ìbòrí lọ. Ọjọ́ tí atẹ́gùn bá fẹ́, gbogbo wa la máa rí orí.” Bí ìyá mi bá kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀, á bi í pé, “Ṣé aago ṣọ́ọ̀ṣì ló jí ọ?” Ìyá mi á dìde, á padà sídìí ẹ̀wà tó ń ṣà, á sì máa ṣà á bí ẹni pé ẹ̀wà ló bú u. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní GRA. Wọ́n ní ẹnu rẹ̀ máa ń gbóná níbẹ̀. Nílé wa, níwájú ìyá rẹ̀, ó tutù ju omi àmù lọ.

Ohun kan ṣoṣo tí bàbá mi dúró lé lórí ni ilé-ìwé mi. Ilé-ìwé ìjọ onígbàgbọ́ kan ni, ní àdúgbò Fate, ó fi mí síbẹ̀ nítorí pé wọ́n mọ ìwé é kọ́ níbẹ̀. Ìdajì kíláàsì wa ló ń kírun, kò sì sẹ́ni tó kà á sí. Ní Dìsẹ́ńbà ọdún tí mò ń wí yìí, SAP, ètò ọrọ̀-ajé ìjọba ológun, ti gbá gbogbo ilé gbẹ, tísà wa, ọmọge gíga kan tí eyín rẹ̀ ṣí níwájú, sì sọ fún wa pé ẹ̀bùn ọdún kì í ṣe ohun tí wọ́n ń rà. Ó ní, “Ẹ̀bùn tí ọmọ bá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, kò sí àgbàlagbà tó máa kọ̀ ọ́.” Mo gbà á gbọ́. Mo rò pé tísà mọ gbogbo àgbàlagbà tó wà láyé.

Àwọn kan ń fi òwú aláràbarà wé agolo mílíìkì láti fi ṣe ohun ìkóbáírò sí. Àwọn kan ń ká bébà kàlẹ́ńdà bí ìlẹ̀kẹ̀. Àwa obìnrin tó jókòó níwájú, tísà ní kí a mú aṣọ funfun wá, kó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì, òun máa kọ́ wa bí a ṣe ń ṣẹ́ etí rẹ̀ láti fi ṣe aṣọ ìnujú, kí a sì fi òwú pupa kọ nǹkan sí i. Kálukú máa ṣe é fún ẹnì kan nílé rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń pe orúkọ ìyá wọn. Èmi jókòó, mo ṣe ìṣirò bí òṣèlú. Ìyá mi fẹ́ràn mi tẹ́lẹ̀, mo ní bí mo bá fún un, mo kàn fi iyọ̀ kún òkun ni. Ìyá àgbà ló yẹ kí n fún. Bí inú rẹ̀ bá dùn sí mi, á dùn sí ìyá mi, bàbá mi á sì rí ẹnu sọ̀rọ̀ nílé. Báyìí ni mo ṣe fẹ́ fi aṣọ tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì tún agboolé ṣe.

Mo bèèrè aṣọ funfun lọ́wọ́ ìyá mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Sọ fún tísà rẹ pé SAP ti gé gbogbo èyí tí mo ní.” Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni ìyá àgbà lọ sí Malete fún ìsọmọlórúkọ, ó sì sùn níbẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Mo mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ àpótí wà, abẹ́ awọ àgùntàn tó fi ń kírun ni. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ gbogbo aṣọ yòókù, aṣọ funfun kan wà tó gùn gbọọrọ, tí wọn ò rán, tí ẹnikẹ́ni ò wọ̀ rí. Mo bi ara mi léèrè pé kí ni irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ń ṣe níbẹ̀. Mo fi abẹ́ ìfárí bàbá mi gé igun kan níbẹ̀, mo ká a padà, mo sì fi ibi tí mo gé sínú kí ojú má baà rí i. Ọmọdé ò mọ egbògi, ó ní ẹ̀fọ́ ni. Àwọn àgbà kì í bá ọmọdé sọ̀rọ̀ ikú, nítorí náà kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé Mẹ́kà ni ìyá àgbà ti gbé aṣọ náà bọ̀, pé ó rì í sínú omi kànga mímọ́ ibẹ̀, ó sá a sí oòrùn ibẹ̀, pé òun ni wọ́n máa fi sin ín.

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Abẹ́rẹ́ gún mi títí n kò fi kà á mọ́. Tísà fi pẹ́ńsù ya ìràwọ̀ sí igun kan, ó kọ lẹ́tà sí àárín, èmi sì fi òwú pupa tẹ̀ lé e. Mo tilẹ̀ ń dá kúnlẹ̀ lẹ́yìn ilé, mò ń kọ́ bí mo ṣe máa gbé e fún un.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ tí a gba họlidé ni mo gbé e fún ìyá àgbà, tó ti ti Malete dé. Ó jókòó sórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá mi ń fọ aṣọ nítòsí.

“Kí nìyí?”

“Ẹ̀bùn ni, Ìyá. Èmi ni mo fọwọ́ mi ṣe é.”

“Ìwọ tí o kò lè gbálẹ̀ kó mọ́?” Ṣùgbọ́n ó gbà á. Ó yí i síwá sẹ́yìn, mo sì rí i tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ rọ̀ díẹ̀. N kò rí irú rẹ̀ rí. “Kí ni wọ́n kọ sí i yìí?”

Mo fi ìka tọ lẹ́tà náà, mo kà á sókè bí ẹni gba ipò kìn-ín-ní: “Ẹ kú ọdún Kérésì, Ìyá.”

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà le padà. Ó gbé aṣọ náà sí imú. Òórùn káńfọ̀ ò tíì kúrò lára rẹ̀. Ó wọ yàrá lọ, mo gbọ́ tí àgádágodo já bọ́. Nígbà tó jáde, aṣọ gígùn náà wà lápá rẹ̀, igun tí mo gé ń fì. Kò wò mí rárá. Ìyá mi ló ń wò.

“Ìyàwó! O ti wọn aṣọ òkú mi, o ti gé e, o ti kọ Kérésì sí i. Ó ku kí o pe pásítọ̀!”

Àwọn ìyàwó ilé ti jáde. Ìyá mi kúnlẹ̀, ọṣẹ ṣì ń kán lọ́wọ́ rẹ̀. “Màmá, n kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.”

“Wálláhì, o mọ̀ ọ́n.” Ó wá yíjú sí mi. “Wò mí lójú. Ṣé ìyá rẹ ló ní kí o gé e?”

Mo wo ojú rẹ̀, mo wo gbogbo ojú tó yí wa ká. Mo mọ̀ pé bí mo bá ní èmi nìkan ni, gbogbo ìbínú yẹn orí mi ló máa bọ́ sí. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ìyá mi wò mí pẹ́, bí ẹni tó ń ka ìwé tí lẹ́tà rẹ̀ kéré. Lẹ́yìn náà ó ní, “Òótọ́ ni, Màmá. Èmi ni mo ní kó lọ gé e.”

Nígbà tí bàbá mi ti ibi iṣẹ́ dé, gbólóhùn kan péré ni ìyá àgbà sọ fún un: “Yálà òun, yálà èmi.” Bàbá mi fi ọwọ́ pa fìlà rẹ̀ títí, ó ní kí ìyàwó òun lọ sinmi nílé wọn fún ìgbà díẹ̀. Ìyá mi pọn àbúrò mi lọ ní ọjọ́ kejì. Ohun tó sọ fún mi kò ju pé kí n máa rántí fọ ẹnu mi.

Yàrá ìyá àgbà ni wọ́n fi mí sí. Ẹ má bi mí bí ibẹ̀ ṣe rí. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ́ọ̀, bó bá ti kan aṣọ funfun yẹn, á na etí kan sí mi, á ní, “Di ibi tí ìyá rẹ gé mú.” Èmi á dì í mú. A ó gbọ̀n ọ́n, a ó ká a. Kò lù mí fún gbogbo oṣù méjì tí mo lò níbẹ̀. Ì bá sì tẹ́ mi lọ́rùn kó lù mí.

Ní Jímọ́ọ̀ kan, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó jẹ́ àfáà tó ń kọ́ wa ní kéwú, wọlé wá bá wa nídìí aṣọ. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí ìyàwó padà wálé. Aṣọ yìí náà, gígé la máa gé e lọ́jọ́ náà. Aṣọ funfun tó mọ́ lẹ̀sìn ní ká lò, kò pọn dandan kó ti Mẹ́kà wá.”

“Kì í ṣe ọ̀rọ̀ aṣọ,” ni ìyá àgbà wí.

N kò mọ ìgbà tí ẹnu mi là. Mo kígbe pé irọ́ ni mo pa, pé ìyá mi ò mọ nǹkan kan, pé èmi nìkan ni mo wá kọ́kọ́rọ́ jáde.

Ìyá àgbà ò tilẹ̀ dáwọ́ dúró. “Mo mọ̀,” ló wí. “Ta ló mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ mi wà bí kò ṣe ìwọ? Di etí aṣọ mú dáadáa.”

Àfáà ní, “Astagafurúláì! Ẹ mọ̀, ẹ sì jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ lọ?”

“Ó ní òun ni. Ṣé kí n wá pè é ní òpùrọ́ ni?”

Àfáà dìde láìdágbére, ó gba ọ́fíìsì bàbá mi lọ. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, bàbá mi lọ bá ìyá mi nílé wọn, ìyá mi sì ní òun máa padà sọ́dọ̀ ọkọ òun, ṣùgbọ́n òun ò ní padà sí agboolé yẹn. Bàbá mi gba yàrá méjì ní Fate, ó sì wá kó mi. Ìyá àgbà lo ọdún mọ́kànlá sí i láyé. Mo ń lọ kí i lọ́jọ́ ọdún, orúnkún mi ń kan ilẹ̀, mo ń dìde. Nígbà tó kú, mo gbìyànjú láti sunkún nítorí ojú ayé. Ẹkún kọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìyá mi ló wá wà lọ́kàn mi láti ọjọ́ yẹn. Kò fi ìgbà kan bi mí ìdí tí mo fi mi orí. Mò ń dúró de ìbéèrè náà títí mo fi lọ́kọ, títí mo fi bímọ. Ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé báyìí. Lọ́dún tó kọjá, a jọ ń bó ẹ̀gúsí, mo ní kí n fúnra mi gbé e kalẹ̀.

“Ìyá, lọ́jọ́ tí mo purọ́ mọ́ yín nítorí aṣọ yẹn, kí ló dé tí ẹ fi gbà á?”

Ó kọ́kọ́ ní, “Aṣọ wo?” Nígbà tó rántí, ó rẹ́rìn-ín. “Háà, ìyẹn! Ọdún mẹ́wàá ni mo fi ń wá bí mo ṣe máa jáde nílé yẹn láìjẹ́ pé èmi ni mo kọ ilé ọkọ. Ìwọ lo ṣílẹ̀kùn. Ṣé kí n wá tì í ni?”

“Èmi tí ẹ fi sílẹ̀ sọ́dọ̀ wọn ńkọ́?”

“Kí ni wọ́n máa fi ọ́ ṣe? Ọmọ ọmọ wọn ni ọ́.” Ó bu ẹ̀gúsí sí i.

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà méjì ló wà lọ́jà lọ́jọ́ náà. Àwọn méjèèjì rí orí mi, àwọn méjèèjì mọ òótọ́, kálukú sì gba ohun tó fẹ́ lára irọ́ ọmọdé. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ru ẹrù yẹn, ẹni tí mo rò pé mò ń rù ú fún ò tilẹ̀ rántí pé ó wúwo. Mo wo ọwọ́ ìyá mi bó ṣe ń bó ẹ̀gúsí wéré wéré, láìsí ìyọnu kankan lára rẹ̀. Inú bí mi, n kò sì mọ ibi tí mo máa gbé ìbínú náà sí. Mo fa igbá tèmi mọ́ra, mo ń bó ẹ̀gúsí lọ.