Pèrègún Tí Bàbá Mi Gbìn

Mo rántí òórùn ọ̀dà pupa yẹn dáadáa. Kò tíì gbẹ lára ìpìlẹ̀ ilé tí mò ń kọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àdúgbò Under G, ní Ògbómọ̀ṣọ́, nígbà tí mo dé ibẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó fi kọ àmì síbẹ̀ ṣì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ wọn. Wọ́n ní ilé náà ti sún mọ́ odò jù, kí n fi àyè sílẹ̀ fún omi. Inú bí mi. Mo ní, "Ṣé odò ló bí yín ni? Ilẹ̀ bàbá mi nìyí, ìwé ẹ̀ wà lọ́wọ́ mi!" Èyí tó dàgbà nínú wọn kàn wò mí, ó ní, "Ilẹ̀ ni tiyín, ọ̀gá. Omi kì í ṣe tiyín." Mo rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì mo kun ọ̀dà funfun lé àmì náà, wọn ò sì padà wá mọ́.

Ká sòótọ́, ẹlòmíì ti kìlọ̀ fún mi ṣáájú wọn. Kí wọ́n tó bí mi ni bàbá mi ti gbin pèrègún sórí ilẹ̀ yẹn, ìlà kan gbọọrọ tó bá odò rìn. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá rí pèrègún tó tò báyẹn mọ̀ pé ààlà ni, ibẹ̀ ni ilẹ̀ onílẹ̀ parí sí. Ṣùgbọ́n ẹni tó wọn ilẹ̀ fún mi ní ilẹ̀ wa kọjá pèrègún, ó dé etí omi. Èmi ọ̀mọ̀wé bá pinnu pé bàbá mi ò mọ ibi tí ilẹ̀ ara wọn dé ni. Àbí ta ló ń pààlà sáàárín ilẹ̀ ara ẹ̀? Ìyá mi ní, "Bàbá rẹ ní kí ẹnikẹ́ni má kọ́lé kọjá ibẹ̀. Wọn ò sọ ìdí ẹ̀ kí wọ́n tó kú, èmi náà ò sì bi wọ́n." Mo ní kí màmá fi mí sílẹ̀ jàre. Ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i. Èmi ò tiẹ̀ wò ó rárá.

Mo hú pèrègún náà tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, mo kó o dànù sétí odò nísàlẹ̀. Mo fi yẹ̀pẹ̀ dí etí omi, mo sì mọ ògiri búlọ́ọ̀kù gàgàrà síbẹ̀.

Ìyá aránṣọ kan ló ni ilẹ̀ tó tẹ̀lé tèmi. Opó ni wọ́n, ọmọ ìjọ Aládùúrà, sùtánà ni wọ́n ń rán. Bàbá mi ló ta ilẹ̀ náà fún wọn, tó sì fẹsẹ̀ tọ́ka ibi tí wọn ò gbọdọ̀ kọ́lé dé. Wọ́n gbà. Yàrá kan lọ́dún kan, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ ilé wọn. Wọ́n wá bá mi, wọ́n ní, "Àbúrò, ògiri yín yìí ń bà mí lẹ́rù o. Níbo lẹ fẹ́ kí omi gbà?" Mo ní, "Màmá, inú ilẹ̀ mi ni mo wà. Ẹ̀yin náà, ẹ ṣe tiyín nínú ilẹ̀ yín." Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Lẹ́yìn tí mo kọ́lé náà tán, ọjọ́ kẹta tí òjò ti ń rọ̀ láìdá ni odò kún. Ọ̀sán gangan ni. Mo dúró lókè ilé mi, ẹsẹ̀ mi gbẹ, mo ń wo omi tó ń kọlu ògiri mi. Kò rí ọ̀nà. Ó bá yí sọ́dọ̀ ìyá aránṣọ. Mo rí ògiri yàrá wọn tó rọra tẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ jókòó, ó sì wó lulẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ wọn bá omi lọ. Sùtánà funfun àwọn oníbàárà ń léfòó lọ, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì. Ìyá náà káwọ́ lérí lójú títì. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹ̀ ní í bá.

Wọ́n kó lọ sọ́dọ̀ àbúrò wọn ní Ọ̀yọ́. Mo wọkọ̀ lọ bẹ̀ wọ́n, mo sì ní kí wọ́n jẹ́ kí n ra ilẹ̀ tó kù. Wọ́n mi orí. "Ilẹ̀ mi ni, àbúrò. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bẹ́ẹ̀."

Kò pẹ́ sígbà náà ni wọ́n padà wá. Àwọn pèrègún tí mo jù nù ti ń rúwé nínú ẹrẹ̀. Wọ́n ṣà wọ́n, wọ́n gbìn wọ́n níkọ̀ọ̀kan síbi tí ẹrẹ̀ omi parí sí lórí ilẹ̀ wọn. Ìgbà yẹn lojú mi tó là. Ibi tí omi lè dé ni bàbá mi pààlà sí. Ìlà ti ìyá aránṣọ sì jìnnà sódò ju ti bàbá mi lọ. Tí èèyàn bá na okùn láti ibẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi, àárín ilé mi ló máa gbà kọjá.

Pèrègún yẹn ti ga jù mí lọ báyìí. Ọdọọdún ni mò ń sọ pé màá wó ilé náà, ọdọọdún làwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń kún inú ẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tó gba yàrá ẹ̀yìn lápá odò bi mí pé, "Dádì, kí ni wọ́n gbin pèrègún yẹn fún?" Mo yọ kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀ lápò.

Mo ní, "Ààlà ilẹ̀ ni."

Ó ní ẹ ṣé, sà. Ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, ó gbé ẹrù ẹ̀ wọlé. Òjò ti ń ṣú bọ̀ láti ọ̀nà Ìrẹsà.